Bí mo ṣe ń ṣírò ohun tí sóyà máa so nígbà tó bá kù díẹ̀ kó gbó

Ọdún kan wà tí mo ní kí awakọ̀ kan mú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá wá sóko. Mo ti wọ inú sóyà náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, mo ti ka èèpo tí hóró wà nínú rẹ̀, mo ti fi bírò ṣírò, ìwé mi sì ń sọ tọ́ọ̀nù mẹ́ta lórí hẹ́kítà kan. Nígbà tí a kó gbogbo rẹ̀ tán, ìdajì ọkọ̀ náà ṣófo. Awakọ̀ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ṣì ń retí òmíràn ni?" Títí dòní, bó bá ti rí mi, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn.

Ìsọdipúpọ̀ tí mo ṣe kò ní àbùkù. Ibi tí mo dúró sí kà á ni kò dáa, ẹ̀bá ọ̀nà níbi tí oòrùn ti ń wọlé dáadáa. Èyí tó tún burú jù ni pé mo fi gíráàmù 15 sí ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún hóró láìtíì wọn hóró kankan. Òjò sì dá lójijì lẹ́yìn tí mo ka èèpo náà. Iye èèpo kò dín kù, hóró inú wọn ni kò sanra. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ṣe é lọ́nà tí mo fẹ́ sọ yìí, ọkọ̀ ò sì tíì padà lọ ní òfìfo mọ́.

Ẹ mọ ibi tó dé ná

Ẹ má tíì ka nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ mọ ìpele tí sóyà náà wà, ẹ má sì fi àwọ̀ ewé mọ̀ ọ́n. Oko lè tutù yọ̀yọ̀ kí hóró inú rẹ̀ má tíì ju orí ìṣáná lọ, ó sì lè máa pọ́n nísàlẹ̀ nígbà tí hóró ṣì ń gba oúnjẹ lókè.

Igi sóyà ní oríkèé bí ìrèké. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó igi tó dúró gbọn-in láàárín, ẹ fi ẹ̀ka sílẹ̀. Oríkèé àkọ́kọ́ tí ẹ máa kà ni èyí tí ewé rẹ̀ ti là tán. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé ewé kékeré tó wà ní oríkèé tó tẹ̀ lé e lókè ti tú débi pé etí rẹ̀ méjèèjì kò kan ara wọn mọ́. Láti ibẹ̀, ẹ ka oríkèé mẹ́rin wá sísàlẹ̀. R ni wọ́n fi ń ṣàmì ìpele sóyà láti ìgbà tó bá yọ òdòdó títí tó fi gbó, R1 dé R8. Ọwọ́ oríkèé mẹ́rin yìí ni ẹjọ́ wà títí dé R6. Ẹni tó bá lọ já èèpo ńlá tó wà nísàlẹ̀ igi, tó wá ní sóyà òun ti kún, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Bí ẹ bá rí èèpo tó gùn tó mìlímítà 5 ní ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, R3 nìyẹn. Bó bá tó sẹ̀ǹtímítà 2, R4 ni. R5 ni ìgbà tí hóró inú èèpo ibẹ̀ bá tó mìlímítà 3, ìyẹn bí orí ìṣáná tí mo sọ yẹn. R6 ni ìgbà tí hóró tútù bá kún inú èèpo. Ní R7, èèpo kan ṣoṣo, níbikíbi lára igi àárín, ti ní àwọ̀ gbígbó. Ní R8, èèpo 95 nínú 100 ti ní àwọ̀ náà. Fehr àti Caviness ló to ìpele yìí sílẹ̀ ní 1977, òun náà ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sóyà ṣì ń lò káàkiri. Oko kò sì tíì dé ìpele kan àfi bí ìdajì àwọn ẹsẹ̀ sóyà tí ẹ yẹ̀ wò, ó kéré tán, bá ti dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ kan tó yára kì í ṣe oko.

Àárín R5 àti R6 ló máa ń da ènìyàn láàmú. Èékánná ni mo fi ń yanjú rẹ̀. Mo máa ń já èèpo láti oríkèé kẹta, kí n fi èékánná àtàǹpàkò la etí rẹ̀. Bó bá jẹ́ R5 ni, hóró yẹn á máa yí gbiri nínú nǹkan funfun kan tó rọ̀ bí òwú, àyè á sì pọ̀ yí i ká. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, nǹkan funfun náà á máa tẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá di R6, hóró á ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ara wọn, ìhà tí wọ́n ti fara kanra á tẹ́, èékánná mi kò sì ní rí àyè kọjá láàárín wọn. Bí mo bá wá rí i pé nǹkan funfun náà ti já kúrò lára hóró, tí hóró sì ń yọ bọ́ láìsí pé mo fà á, mo mọ̀ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ohun tó máa gbà.

Kí nìdí tí mo fi ń pariwo ìpele? Nítorí ẹni tó bá ka èèpo ní R3 tàbí R4 ń sọ ọmọ tí a kò tíì bí lórúkọ ni. Sóyà máa ń gbọn òdòdó àti èèpo kéékèèké dànù, nígbà púpọ̀ ju ìdajì lọ, kò sì sí àìsàn kankan lára rẹ̀. Ọ̀dá tàbí ooru máa ń mú kó gbọ̀n sí i. Tó bá di R6, iye èèpo ti fìdí múlẹ̀, ìwọ̀n hóró nìkan ló kù tó lè yí padà. Nítorí náà, ìparí R5 sí R6 ni mo máa ń ka èèpo, mo sì máa ń padà wá wọn hóró ní R7 sí R8. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń wọ oko. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó dúró de R7.

Ní ti ọjọ́ tó kù, R5 sí R6 máa ń tó ọjọ́ 15, R6 sí R7 bíi 18, R7 sí R8 bíi 9. Ooru àti irú èso lè fà á gùn tàbí kó gé e kúrú, nítorí náà èmi kì í fi kàlẹ́ńdà búra. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: láti ìgbà tí hóró bá tó orí ìṣáná títí dìgbà tó bá gbó, ó lé ní oṣù kan. Gbogbo ìgbà yẹn ni ewé fi ń bọ́ hóró.

Kíkà

Ohun tí mo ń mú dání kò ju okùn kan, ìwé kékeré, bírò àti ike tí mo máa kó èèpo sí. Okùn yẹn gan-an ni òṣùwọ̀n mi. Ìlà mi jìnnà sí ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà 75, nítorí náà mo gé okùn sí mítà 1.33, mo so kókó sí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Gígùn yẹn lẹ́bàá ìlà kan jẹ́ ilẹ̀ mítà kan níbùú lóròó gẹ́lẹ́. Bí ìlà tiyín bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ gé e sí mítà 1.67, bó bá jẹ́ 50, mítà 2. Ẹni tó fọ́n irúgbìn rẹ̀ ká láìsí ìlà, kó fi igi mẹ́rin ṣe férémù tó jẹ́ mítà kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wọ inú oko lọ, ó kéré tán ìgbésẹ̀ 30, kí ẹ tó kọ́kọ́ dúró. Ẹsẹ̀ tó wà létí oko ń jẹ oòrùn àti ilẹ̀ tí àwọn tàárín kò rí jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ máa rìn wọ́kọwọ̀kọ, kí ẹ dúró níbi mẹ́wàá. Ìgbésẹ̀ ni mo fi ń yan ibi tí mo máa dúró, kì í ṣe ojú. Mo lè ní ogójì ìgbésẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ mi bá sì parí sí ni okùn máa bọ́ sí. Ojú ènìyàn máa ń fa ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi tó dáa, kódà ẹni tó ń ṣòótọ́.

Èyí ni ohun tó wà nínú ìwé mi lọ́dún mìíràn, lẹ́yìn ti ọkọ̀ ńlá yẹn, nígbà tí mo ka ẹsẹ̀ sóyà níbi mẹ́wàá: 31, 27, 12, 29, 33, 26, 30, 24, 35, 28. Ẹ rí 12 yẹn? Ibi tí omi dúró sí ni. Mo dé ibẹ̀, ó ṣe mí bíi kí n sún okùn síwájú díẹ̀. Ká ní mo sún un ni, àwọn mẹ́sàn-án tó kù ì bá fún mi ní 29.2. Pẹ̀lú 12 níbẹ̀, ó jẹ́ 27.5. Bí irú ibẹ̀ bá wà nínú oko, ó yẹ kó wà nínú ìwé.

Ṣùgbọ́n sóyà gbọ́n. Níbi tó ṣí sílẹ̀, á ya ẹ̀ka, á so ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ẹsẹ̀ méjìlá yẹn gbé èèpo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tàwọn tó há mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kí a ka ẹsẹ̀ níhìn-ín, kí a wá lọ ka èèpo níbòmíràn. Níbi tí okùn bá wà, mo máa ń mú ẹsẹ̀ márùn-ún tó tẹ̀ léra láìṣà, kí n ka gbogbo èèpo wọn, kí n pín in sí márùn-ún, kí n sì sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹ parí ìṣirò ibì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá pa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀ kí ẹ pín in. Èmi rí èèpo 660 lórí mítà kan níbùú lóròó, ìyẹn bíi 24 lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Èèpo tó pẹlẹbẹ, tí ẹ gbé sójú oòrùn tí ẹ kò rí òjìji hóró nínú rẹ̀, ẹ má kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti R6: èèpo tí kò tíì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ fi sílẹ̀, kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ó wá ku hóró inú èèpo. Mo máa ń já 20 láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, kí n la gbogbo wọn. Lọ́dún yẹn mo ka hóró 44, ìyẹn 2.2 nínú èèpo kan. Ọ̀pọ̀ ìwé á ní kí ẹ kàn fi 2.5 sí i. Ẹ má gbọ́. La 20, kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

660 lọ́nà 2.2 jẹ́ hóró 1,452 lórí mítà kan níbùú lóròó.

Ìwọ̀n hóró ló ń dáni lẹ́jọ́

Ibí yìí ni ọkọ̀ ńlá ti já mi jù sílẹ̀. Ẹ mú hóró 1,452 yẹn, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n hóró kan, gíráàmù lẹ máa rí. Ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di kílò lórí hẹ́kítà. Bí ọgọ́rùn-ún hóró bá wọn gíráàmù 11, kílò 1,597 ni. Bó bá wọn 13, ó di 1,888. Bó bá wọn 15, 2,178. Èèpo kan náà, hóró kan náà ni gbogbo rẹ̀. Kílò 581 ló wà láàárín èyí tó sanra àti èyí tó rù, kò sì sí ojú tó lè rí i láti ẹ̀bá ọ̀nà.

Nítorí náà, ní R6, mo máa ń kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ẹni tó bá bi mí, mo máa sọ pé ó wà láàárín èyí àti èyí. Bí omi bá ṣì wà nínú ilẹ̀, tí ewé sì dúró, mo máa ń sún mọ́ òkè. Bí ọ̀dá bá mú un, mo máa ń lọ sí ìsàlẹ̀ láìjanpata.

Nígbà tí èèpo púpọ̀ bá ti gbó, mo máa ń padà lọ já díẹ̀ láti ibi mẹ́wàá yẹn, kí n ka ọgọ́rùn-ún hóró láìṣà èyí tó tóbi, kí n gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré. Ẹ rántí omi inú rẹ̀ o. Hóró ní R7 lè ní omi tó ìdá 60 nínú 100, ìwọ̀n rẹ̀ nígbà yẹn kò ní ìtumọ̀. Ẹ sá a títí á fi gbẹ, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ wo omi rẹ̀. Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, ọgọ́rùn-ún hóró wọn gíráàmù 14.1, omi inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 20. Sóyà tí a ń tà, ìdá 13 ni a fi ń ṣírò rẹ̀. Ohun gbígbẹ inú tèmi jẹ́ 80 nínú 100, ti ìdá 13 jẹ́ 87. Nítorí náà 14.1 lọ́nà 80, kí a fi 87 pín in, ó di 12.97. Mo kọ 13.

Ohun tó lè jí ìwọ̀n náà gbé

Láti R5 sí R6 ni sóyà kò lè fara da kí ewé rẹ̀ bọ́. Bí gbogbo ewé bá lọ ní R5, yálà yìnyín ló já a ni o tàbí kòkòrò ló jẹ ẹ́, bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìkórè lè bá a lọ. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn R7 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan. Nítorí náà, mo máa ń wo iye ewé tó ti lọ. Bó bá ti tó ìdá kan nínú márùn-ún ní ìgbà tí hóró ń kún, tí kòkòrò sì ṣì wà lórí rẹ̀, mi ò kì í sùn.

Ẹ má bẹ̀rù pípọ́n tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tó bá dọ́gba káàkiri oko lẹ́yìn R6. Hóró ló ń fa oúnjẹ jáde nínú ewé. Pípọ́n tó gbá jọ sójú kan ni kí ẹ lọ yọjú sí. Ẹ yí ẹ̀yìn ewé ìsàlẹ̀ padà: bó bá ní wúruwùru kéékèèké tó ń fi ìyẹ̀fun pupa ràkọ̀ràkọ̀ síni lọ́wọ́, àrùn ìpáàrà ni, ìsàlẹ̀ ló sì ti ń gun òkè. Bí ewé bá pọ́n láàárín iṣan tí iṣan fúnra rẹ̀ ṣì tutù, tí ewé ń já bọ́ ṣùgbọ́n tí ọ̀pá rẹ̀ dúró gan-an lára igi, ẹ fi ọ̀bẹ la igi náà láti ìsàlẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun, gbòǹgbò ni àrùn náà ti wọlé, ikú òjijì ni wọ́n ń pè é. Bí inú rẹ̀ bá ní àwọ̀ hóró kòkó gbígbẹ, àrùn inú igi ni. Bí ẹ bá rí àmì dúdú wínníwínní bí eérú tí wọ́n bu ata dúdú sí lábẹ́ èèpo igi nísàlẹ̀, àrùn mìíràn nìyẹn, ó sábà máa ń bá ọ̀dá àti ooru rìn. Kò sí èyí tí oògùn lè wò mọ́ nínú mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yìí ní àkókò yẹn. Mo kàn máa ń dín ìwọ̀n hóró kù fún ibẹ̀, kí n sì kọ orúkọ irúgbìn náà sílẹ̀ kí n má baà gbìn ín síbẹ̀ mọ́.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kòkòrò tó ń rùn, èyí tó ń fi ẹnu bí abẹ́rẹ́ fa omi inú hóró láti ẹ̀yìn èèpo. Èèpo á dúró, ẹ máa kà á, hóró inú rẹ̀ á sì ti hunjọ. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sáàárín ìlà méjì, ẹ gbọn igi sóyà sórí rẹ̀, ẹ máa rí wọn tí wọ́n ń sá. Ibi tí wọ́n bá ti ṣọṣẹ́ gan-an, igi ibẹ̀ kì í fẹ́ gbẹ: gbogbo oko á ti gbó, igi tiwọn á ṣì tutù.

Ẹnì kan bi mí nípa kókó orí gbòǹgbò, èyí tó ń bá sóyà fa oúnjẹ láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ la á: bí inú rẹ̀ bá pupa tàbí pọ́n díẹ̀ bí ẹran, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìparí R6, ó máa ń kú fúnra rẹ̀. Ẹ má torí ìyẹn lọ da ajílẹ̀.

Ọjọ́ ìkórè

Lẹ́yìn R8, ọjọ́ 5 sí 10 tí kò sí òjò máa ń mú omi inú hóró wá sábẹ́ ìdá 15. Mo máa ń mi ẹsẹ̀ kan: bó bá ń dún ṣaworo, mo máa ń lọ pe àwọn òṣìṣẹ́. Mo fẹ́ràn kí n kó o ní ìdá 13 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá gbẹ jù, tàbí tí òjò ń rìn ín tí oòrùn tún ń sá a, èèpo á máa là, ohun tí ẹ ti kà nínú ìwé á sì wà nílẹ̀.

Èyí tó wà nílẹ̀ náà ṣeé kà. Lẹ́yìn ìkórè, mo máa ń gbé férémù mítà kan kalẹ̀ níbi márùn-ún, kí n kúnlẹ̀ kí n ka hóró. Lọ́dún yẹn, ó jẹ́ 38 lórí férémù kan. 38 lọ́nà 0.13 jẹ́ gíráàmù 4.94, ìyẹn bíi kílò 49 lórí hẹ́kítà. Mo yọ ọ́ kúrò nínú 1,888, ó ku 1,839. Nígbà tí a gbé àpò tó kẹ́yìn kúrò lórí òṣùwọ̀n, 1,790 ló jáde. Ọkọ̀ kékeré ni mo ti ní kí awakọ̀ yẹn mú wá, ó sì kún dé ẹnu. Awakọ̀ wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ṣì ń retí òmíràn ni?"